Ṣúgà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Fún Alhaja

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí wa nígbà tí Alhaja Sàláwù, ìyá ọkọ mi, jáde láyé, ẹ̀yin tí ẹ dì mọ́ mi nínú àgbàlá tí ẹ ń sọ pé, “Màrdíyyàh, o ṣe é, o tọ́jú wọn bí ọmọ inú wọn, Ọlọ́hun á san án fún ẹ,” ẹ wá gba àdúrà yín padà. Kò tọ́ sí mi. Bí ẹ bá mọ ohun tí ẹnu yìí sọ lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní dì mọ́ mi, itọ́ lẹ ó tu sí mi lójú. Mo ti gbé e mì títí, kò dà. Lónìí òtítọ́ á jáde, bó tilẹ̀ ti ń gbé ilé mi lọ, tó ti ń gbé Taofeek lọ, Taofeek tí mo torí rẹ̀ di ìkà. Ẹ má sì rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun fún yín. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí ara mi, ó ń bí mi sí òkú, kí Ọlọ́hun má bínú, ó sì ń bí mi sí gbogbo wa nínú ilé yẹn tí a ń tijú àìsàn ju bí a ṣe ń tijú irọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn, nítorí ibi tó dùn ni mo gbà já sínú kòtò. Ẹ̀yìn réluwéè ni wọ́n bí mi sí ní Ọ̀fà níbí. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń wà. Èmi ń ránṣọ ní ọ̀nà Pólì. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fi dàgbà, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwa ọmọge máa ń yá lọ́wọ́ ara wa títí èèpo ẹ̀yìn á fi fàya, níbi tí ọkùnrin á ti rí obìnrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí oúnjẹ ò ní gba ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí Taofeek Sàláwù gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ó tó jókòó. “Aránṣọ, ẹ má gé e kọjá kókósẹ̀ o,” ló wí, “kí wọ́n má lọ fi mí jẹ lémọ́ọ̀mù tipátipá.” Mo ní, “Ẹsẹ̀ tó gùn bí òpó iná yìí, kí ló fẹ́ kù tí n ó gé?” Ó bú sẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ọkàn mi sì tẹ̀ lé e jáde. Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́ iná sólà. Bó bá ti di ìparí ọ̀sẹ̀, tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá ní kí n lọ bu omi nínú odò tó ti gbẹ, n bá gbé agbè. Ẹ wo òmùgọ̀!

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ mi. Opó ni Alhaja, obìnrin tó níyì, tí wọn ò lè ṣe àsàlátù kí wọ́n má fún un láyè ìjókòó iwájú. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, ohun tí gbogbo wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. “Ara mi tó ń ṣe mí” ni wọ́n ń pè é. Àǹtí Asiata, ẹ̀gbọ́n Taofeek, ń ta bàtà ọmọdé ní Ọwọ́dé, ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ni Taofeek bá di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìfẹ́ mi, bá mi máa mú Mọ́mì lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n bá rí ìwà ẹ, wọ́n á fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ lọ.” Kí ni mo tún ń wá? Mo gbà. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ló ń gbé wa lọ, tó sì ń gbé wa bọ̀, bàbá mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọsibítù náà, kí dókítà tó rí àwọn aláìsàn, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọmọ́bọ́láńlé máa ń kó gbogbo olítọ̀ ṣúgà jọ sínú gbọ̀ngàn, á sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ara wọn. Kíláàsì là ń pè é. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ibẹ̀, Alhaja yọjú wo inú gbọ̀ngàn, wọ́n yára fa ìbòrí bojú, wọ́n padà sínú kẹ̀kẹ́. “Kí n wọlé lọ jókòó láàrin wọn? Ṣé o ò rí ìyàwó Ajíbádé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́? Kó lè lọ máa rò ó ní àsàlátù pé eèrà ń wọ́ tẹ̀ lé ìtọ̀ mi? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ o. Ìwọ lọ bá mi gbọ́ ọ. Ṣebí ìwọ lo kàwé. Ohun tó bá wí, wá rò ó fún mi.” Mo ní, “Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ̀yin lara ń ṣe.” Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, etí rẹ ló ń ṣiṣẹ́. Lọ.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń fi aláìsàn sínú kẹ̀kẹ́ níta nìyẹn, tí ẹni ara rẹ̀ le ń wọlé lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àìsàn. Ìmọ̀ tó yẹ kó wà lórí Alhaja, orí mi ló wà. Ẹ̀mí wọn wà lábẹ́ ahọ́n mi bí ẹni fi obì pamọ́ sẹ́nu, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Mo kọ́ ọ dáadáa. N ò ní lè sọ pé n ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́láńlé kì í fi gẹ̀ẹ́sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó kọ́ wa ní ìwọ̀n ẹ̀bà tó yẹ kéèyàn jẹ, bí a ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ wò kí egbò má baà fara pamọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, bí a ṣe ń gún ọmọ ìka láti wo ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kan ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́ mi lónìí. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ tẹ́tí o. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bani jẹ́, bíi kòkòrò inú igi. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ sílẹ̀ jù, kì í dúró dọ̀la. Bí ẹ bá lo oògùn tí ẹ ò jẹun, ó lè já wálẹ̀ lójijì. Ara yín á máa gbọ̀n, òógùn á bò yín bẹ́ẹ̀ oòrùn ò mú, ojú á máa ṣú, ẹ ó máa sọ ìsọkúsọ. Ní wákàtí yẹn, ṣúgà gan-an ni oògùn. Bí ẹni náà bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà sómi fún un kíákíá, lẹ́yìn náà kó jẹun. Bí kò bá lè gbé e mì mọ́, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e wá.” Bàbá àgbà kan dìde lẹ́yìn, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti dé. Níjọ́sí, ẹ ní ká sá fún ṣúgà bí ẹni sá fún paramọ́lẹ̀. Lónìí, ẹ ní ká mu ún. Èwo gan-an ni ká ṣe?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, iná tó jó ilé aládùúgbò yín lọ́jọ́sí, ṣé ẹ ti wá jáwọ́ nínú ìdáná ni?” Ó yé bàbá yẹn. Ó yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: ó yé mi kedere.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń gbọ́ nínú kọ́ ni mo ń rò níta. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ kíkorò jáde, tí mo ní nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù, ojú Alhaja á fún bí ojú ẹni tó mu ewúro. “Ìwọ àti nọ́ọ̀sì rẹ, ẹ fẹ́ fi ebi pa mí kí ẹ lè gba ilé mi.” Bí mo bá sì gbé ọ̀rọ̀ dídùn jáde, tí mo ní, “Nọ́ọ̀sì ní ẹ ń gbìyànjú, Mọ́mì,” wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n á ní, “Ìyàwó mi àtàtà.” Ìyàwó mi! Ọ̀rọ̀ yẹn ń wọ̀ mí lára bí òróró. Mo wá di ẹni tó ń yọ egungun kúrò nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí n tó gbé e fún wọn, kí wọ́n lè pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní ìfẹ́. Mò ń bá ara mi jà nísinsìnyí bí mo ṣe ń rántí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn kì í fi oyin sí i lẹ́nu kó tó tì í sínú iná.

Nígbà tí oṣù Ààwẹ̀ súnmọ́, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́láńlé kìlọ̀ fún wa. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, kó má dá ààwẹ̀ gbà lórí ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ó ní àwọn mìíràn wà tí dókítà á yí àsìkò oògùn wọn padà sí ìṣínu, á sì dín in kù. Àwọn mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ gbà á rárá, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ sì ti yọ̀ǹda kí aláìsàn máa bọ́ tálákà dípò. Ó ní ẹni tó bá sì ń gbà á, tí ara rẹ̀ bá gbọ̀n, kó tú ààwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Mo jáde, mo bá Alhaja nínú kẹ̀kẹ́. Mo kàn ya ẹnu pé, “Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ o, Mọ́mì,” wọ́n ti fò sókè. “Ó ní kí n má gbààwẹ̀? Kí n máa jẹun lọ́sàn-án gangan láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi bíi kèfèrí? Kí ni n ó sọ fún wọn pé ó ń ṣe mí?” Mo wo ojú wọn. Mo wo Taofeek nínú ojú wọn. Mo ní, “Rárá o, Mọ́mì. Ó ní kò séwu. Ẹ kàn máa lo oògùn yín ní sààrì, ẹ máa gbààwẹ̀ yín lọ.” Wọ́n ní, “Alihamudulilahi. Mo mọ̀ pé ọmọ Ọlọ́hun ni nọ́ọ̀sì yẹn.” Irọ́ mi àkọ́kọ́ nìyẹn, inú dídùn sì ni mo fi pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà mọ̀ bí a ti ń ṣe é nínú Ààwẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lọ kí àgbàlagbà lọ́wọ́ lásán. Páálí ṣúgà àti agolo mílíìkì ni gbogbo ènìyàn ń gbé wá fún ìṣínu. Alhaja ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kì í fẹnu kan ṣúgà, nítorí kí wọ́n má baà béèrè ìdí. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń ṣàdúrà fún wọn. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, páálí ṣúgà ti ga lórí tábìlì pálọ̀, wọ́n tò ó bí búlọ́ọ̀kù. Ilé olítọ̀ ṣúgà ni ṣúgà ti pọ̀ jù ní àdúgbò wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìrun Alásárì ti kọjá, mo wà ní kíṣìnì níbi tí mo ti ń lọ ẹ̀wà àkàrà ìṣínu wọn. Wọ́n pè mí sí pálọ̀. Alhaja tẹ́ léèsì kan sórí àga, aláwọ̀ ewé, ó ń dán bí omi. “Màrdíyyàh, ìwọ aránṣọ, wò ó. Ṣé á tó ìró àti bùbá ìyàwó?” Mo rò pé ọjọ́ ìyàwó mi ti pé. Mo gbé e, mo fi wọn ara mi, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́. Wọ́n fà á padà. “Má fi wọn ara rẹ. Hikmat sanra díẹ̀ jù ọ́ lọ.” Mo ní, “Hikmat wo, Mọ́mì?” Wọ́n ní, “Ọmọ ará Ìlemọnà. Bàbá rẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ènìyàn gidi ni wọ́n. Bí a bá ti túnu, a ó so yìgì òun àti Taofeek. Ìwọ ni mo fẹ́ kó rán an, ọwọ́ rẹ dáa.” Mo bi wọ́n pé, “Ṣé Taofeek mọ̀?” Alhaja rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń bi ọmọ léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ? Má ro ara rẹ pin. O ṣe é, o tọ́jú mi. Ọlọ́hun á fún ọ ní tìrẹ. Oníkẹ̀kẹ́ kan náà á rí ọ fẹ́, ṣebí ẹ ti mọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nílé yín.” Kẹ̀kẹ́ bàbá mi! Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sá pamọ́ sí! Mo padà sí kíṣìnì, mo tẹra mọ́ ẹ̀wà lórí ọlọ. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò ilé wa, ṣùgbọ́n n ò rí ẹni tí n ó bá jà níbẹ̀.

Kò pẹ́, Alhaja tún pè mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ mi ni wọ́n pè. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ní Ìjàgbó láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Mo jáde. Mo bá wọn lórí àga, léèsì ti bọ́ sílẹ̀, òógùn ń ṣàn láti abẹ́ ìbòrí wọn, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí ewé àgbàdo. Wọ́n wò mí, wọn ò mọ̀ mí. Wọ́n ní kí n lọ da àgùntàn wọlé. Kò sí àgùntàn nílé. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni gbogbo kíláàsì Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́láńlé dìde lórí mi. Oògùn ní sààrì, láìjẹun títí di ìrọ̀lẹ́, ara gbígbọ̀n, òógùn, ìsọkúsọ. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Tábìlì ṣúgà nìyí, n ò ní gbé ẹsẹ̀ kí ọwọ́ mi tó tó o. Mo na ọwọ́. Ni mo rí léèsì nílẹ̀. Mo ká ọwọ́ kò. Mo wí nínú ara mi pé, “Kí Hikmat wá fún yín.” Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ẹ gbọ́ o, mò ń wo ìyá ènìyàn.

Bí mo ṣe dúró nìyẹn tí Àǹtí Asiata fi ti ọjà dé, wọ́n fi igbe ta, igbe náà ló mú kí Tíṣà Jacob sáré wọlé láti ilé kejì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọ̀rẹ́ ọkọ Alhaja tó ti di olóògbé. Bí wọ́n ṣe wo Alhaja, wọ́n ní, “Asiata, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣúgà wọn ló lọ sílẹ̀. Bó ṣe ṣe ìyàwó mi rí nìyí. Ẹ fún wọn ní nǹkan dídùn.” Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ya páálí, tí wọ́n po ṣúgà sínú ife, tí wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu Alhaja. Alhaja ya ẹnu. Àǹtí Asiata gbá ife náà dànù, omi ta sára ògiri. “Tíṣà! Ẹ fẹ́ pa ìyá mi fún mi? Olítọ̀ ṣúgà lẹ fẹ́ fún ní ṣúgà? Nínú ààwẹ̀?” Tíṣà ní, “Ọmọ mi, fetí sílẹ̀.” Àǹtí Asiata ò fetí sílẹ̀, èmi ni wọ́n kọjú sí. “Màrdíyyàh, ìwọ lò ń lọ sí kíláàsì. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé ká fún wọn?” Alhaja ṣì ń gbé nǹkan mì nígbà náà. Mo rí ọ̀fun wọn tó ń lọ sókè sódò. Tíṣà Jacob ń wò mí bí ẹni ń bẹ̀ mí. Mo ní, “Rárá. Ẹ má fún wọn.”

Ó ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fi pa wọ́n, mo la ẹnu, mo sọ ọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ tí wọ́n fún mi láti fi gbà wọ́n là. Nígbà tí a fi máa rí ọkọ̀, ojú Alhaja ti yí. Wọ́n dákẹ́ ní ọsibítù. Dókítà yọjú, ó ní òun fẹ́ rí ẹbí. Àǹtí Asiata ń yí nílẹ̀, wọ́n kígbe pé, “Màrdíyyàh, bá mi lọ gbọ́ ohun tó ń wí!” Mo tún wọlé. Wọ́n tún rán mi! Dókítà mi orí, ó ní, “Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ kọjá. Ṣé kò sí nǹkan dídùn kankan nílé ni?” Mo jáde, mo sọ fún wọn pé dókítà ní ó ga jù ni. Àǹtí Asiata fi omijé dì mọ́ mi: “Ọlọ́hun ṣeun tí o wà níbẹ̀. Tíṣà ì bá ti sọ mí di apànìyàn.” Ọjọ́ kẹta, Tíṣà Jacob fúnra wọn wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí nítorí ife ṣúgà yẹn, wọ́n ní kí wọ́n dárí ji àwọn, àìmọ̀ ni. Àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí là! Mo gbé omi fún wọn mu. Mo gbé omi fún wọn, mo sì kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hikmat kú pẹ̀lú Alhaja. Taofeek ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé ẹni tó dúró ti ìyá òun títí dé ojú ikú ni òun á fẹ́. Léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, Àǹtí Asiata ló gbé e fún mi: “Ìwọ ló tọ́ sí.” Mo rán an, mo wọ̀ ọ́ so yìgì. Ohun gbogbo tí mo kà nínú ìwé ìfẹ́ ṣẹ sí mi lára, ẹyọ kan ò yẹ̀: mo gba ọkùnrin tí mo fẹ́, ìdènà kúrò lọ́nà. Bí ó bá sì sùn tì mí, tó gbé ọwọ́ lé mi láyà, ó máa ń dà bíi pé orí òkúta ló gbé e lé.

N bá ti gbé e wọ sàréè, òtítọ́ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n irọ́ mi ò dúró síbi tí mo fi í sí, ó bí ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Asiata ti ń kọ́ gbogbo Ọwọ́dé pé bí olítọ̀ ṣúgà bá ń làágùn, ṣíbí ṣúgà kan á pa á. Ọdún yìí ni dókítà wá sọ fún àwọn fúnra wọn pé ó ti wà lára wọn náà, wọ́n fún wọn ní irú oògùn tí Alhaja ń lò. Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, Àǹtí Asiata kó àwọn ọmọ wọn jọ níwájú èmi àti Taofeek. Wọ́n ní, “N ó gbààwẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí mi tí ara mi ń gbọ̀n, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ṣúgà wá, ẹ gbá a dànù. Bí mo ṣe ṣe fún ìyá mi nìyẹn. Ẹ bi Àǹtí yín, ìyàwó Taofeek, òun ló mọ̀ ọ́n.” Abdulwasiu, àkọ́bí wọn, yíjú sí mi. “Bẹ́ẹ̀ ni, àbí, Àǹtí?” Ohùn ìyá rẹ̀ ló fi bi mí. Ìbéèrè kan náà.

Mo ní, “Rárá. Ẹ fún wọn.” Mo wá rò ó, láti ẹnu kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà dókítà, n ò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, Àǹtí Asiata ò pariwo. Wọ́n ní, “Tún un sọ. Kí àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ dáadáa.” Mo tún un sọ. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, ọwọ́ tí wọ́n fi gbá ife. “Ọwọ́ yìí ni,” ni wọ́n wí. “Mọ́mì ti ya ẹnu.” Wọ́n wá fi ọwọ́ náà gbá mi létí, mi ò yẹ̀ ẹ́. Taofeek dìde. Mo ní, “Nítorí rẹ ni, Taofeek. Ìfẹ́ rẹ ló fọ́ mi lójú.” Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. “Má fi mí kún un. N ò rán ọ. Ẹni tí n ó fẹ́, o ò bi mí. Ìyá mi ni o bi.” Ó kó aṣọ rẹ̀, ó gba Ìlọrin lọ. Títí di ìsinsìnyí, kò gbé ìpè mi.

Àǹtí Asiata ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà Jacob, obìnrin sì ni wọ́n. Mo gbọ́ pé wọ́n jọ sunkún. Lọ́jọ́ kíláàsì, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní kí n sìn wọ́n dé ọsibítù. Wọ́n ní, “Ìwọ? Láéláé.” Àwọn nìkan ni wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n ò fa ìbòrí bojú, wọ́n sì wọlé jókòó sí iwájú gbọ̀ngàn, ìyàwó Ajíbádé ń wò wọ́n, àwọn náà ń wò ó.

Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń ka ìtàn ìfẹ́, mi ò ní kí ẹ má kà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ẹni tó fẹ́ràn dénú lè ṣe ohunkóhun, ẹ sá fún un. Mo ṣe ohunkóhun, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ń fara pamọ́ nítorí ojú ayé, èmi tí ẹ rán níṣẹ́ nìyí, ẹ wò mí dáadáa. Ṣúgà Alhaja ò pa wọ́n tó bí ìtìjú wọn, ìtìjú wọn ò sì pa wọ́n tó bí èmi. Mo ń tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun lójoojúmọ́. Lọ́wọ́ ẹ̀yin, n ò tíì tọrọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì fúnra yín, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́, kó yé yín bó ṣe yé mi. Ìgbà náà lẹ ó tó mọ bí ohun tí mo ṣe ti tóbi tó. Bí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n tán, tí ẹ ṣì lè dárí jì mí, ilé bàbá mi ni mo wà, ní ẹ̀yìn réluwéè. Ẹ wá sọ ọ́ lójú mi.